Ojú Igi Kí Àwọ̀ Tó Dé: Dídán, Epo àti Ọ̀dà Nínú Iṣẹ́ Ọnà Igi Yorùbá

Ní ọdún 1924, ìlẹ̀kùn kan kúrò ní ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, ó di Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Ọlọ́wẹ̀ ti Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ, ní nǹkan bí ọdún 1910 sí 1914 tí ó fi ṣiṣẹ́ fún Ògògà. Nígbà tí àwọn aláṣẹ British Museum rí ìlẹ̀kùn náà, wọ́n fẹ́ rà á. Ọba kò tà á. Pàṣípààrọ̀ ni ó gbà, wọ́n sì fi ìtẹ́ tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dípò rẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ìlẹ̀kùn mìíràn fún ààfin. Ìtàn yìí kì í ṣe tuntun létí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka ìwé lórí iṣẹ́ ọnà Èkìtì. Ọ̀rọ̀ nípa bí àwọn ère ara ìlẹ̀kùn náà ṣe yọ síta kúrò lára pákó, nípa òyìnbó tí wọ́n gbé sórí àga, àti nípa ọba tí ó jókòó dè é, ti kún inú ìwé. Ohun tí wọn kì í sábà dúró lé lórí ni pé iṣẹ́ náà ní àwọ̀ lára. Bákan náà ni òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ fún ààfin kan náà, èyí tí ó wà ní Art Institute of Chicago lónìí: igi àti àwọ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé wọ́n fi ṣe é.

Báwo ni àwọ̀ náà ṣe dì mọ́ igi? Ẹni tí ó bá mọ bí àwọn ayàwòrán Ìtálì ìgbà àtijọ́ ṣe ń palẹ̀ pákó mọ́ yóò fẹ́ mọ ohun tí ó wà lábẹ́ àwọ̀. Cennino Cennini, tí ó kọ ìwé ìlànà iṣẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1400, fẹ́ kí a kọ́kọ́ fi àtè tí a sè láti ara awọ ẹran pa pákó, kí a lẹ aṣọ ọ̀gbọ̀ mọ́ ọn, kí a fi lẹ́búlẹ́bú òkúta funfun tí a pò mọ́ àtè kùn ún, kí a sì tún fi èyí tí ó kúnná jù bẹ́ẹ̀ lọ kùn ún títí yóò fi tó ìgbà mẹ́jọ. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni àwọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Irú ìtẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àṣà iṣẹ́ igi Yorùbá. Igi àti àwọ̀ pàdé ní tààràtà. Láti ibẹ̀ ni èrò kan ti wọlé, tí àwọn kan sọ jáde tí àwọn kan kàn fi dákẹ́, pé gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá kò ka ojú igi sí kí ó tó kùn ún, pé àwọ̀ jẹ́ ohun tí a fi kún iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ti parí, tí ó sì ṣeé mú kúrò láìpa iṣẹ́ náà lára. Èrò yìí ti pa ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lára. Ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò láti ìdí igi.

Àwọn tí ó ti jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà, Kevin Carroll pàápàá, àlùfáà Kátólíìkì tí ó bá àwọn oníṣẹ́ ọnà Èkìtì ṣiṣẹ́, ti ṣe àkọsílẹ̀ ìpele mẹ́rin nínú iṣẹ́ gbígbẹ́: ọnà lílé, àlétúnlé, dídán, àti fínfín. Nínú ọnà lílé ni àáké ti ń là igi sí orí, ara àti ẹsẹ̀. Nínú àlétúnlé ni ojú, apá àti ọmú ti ń yọ. Dídán ni ìgbà tí ọ̀bẹ ń pa gbogbo ojú igi rẹ́. Fínfín ni ó kẹ́yìn: ilà ojú, irun dídì, ọnà ara aṣọ. Ètò yìí ṣe pàtàkì fún ọ̀rọ̀ àwọ̀, nítorí pé dídán ṣáájú fínfín. Oníṣẹ́ kọ́kọ́ dí ojú igi pa, ó sì tún fi ṣóńṣó ọ̀bẹ ṣí i níbi tí ó fẹ́. Nígbà tí àwọ̀ bá dé, ojú méjì ni yóò bá pàdé: èyí tí ó dán, tí àwọ̀ yóò tẹ́ sí lórí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, àti ojú fínfín, tí yóò gbá àwọ̀ mú, tí yóò sì pa á mọ́ sínú. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé lára ère tí ọwọ́ àti omi ti fọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú ilà irun àti ìpàdé ìpéǹpéjú ni àwọ̀ ti ń kù sí.

Dídán kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹwà ni Robert Farris Thompson fi ṣe kókó nígbà tí ó kọ nípa ìdájọ́ iṣẹ́ ọnà láàárín àwọn Yorùbá ní ọdún 1973. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó bi léèrè pé ère tí kò dán kò tíì parí. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wo ohun tí ọ̀bẹ mímú ń ṣe sí igi. Ó ń gé fọ́nrán igi ní mímọ́, bí ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ sì ti ń kọjá, ó ń tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú igi á pa ẹnu dé. Sánpépà kò rí bẹ́ẹ̀. Híhá ni sánpépà ń há ojú igi; ó ń ya fọ́nrán, ó sì ń fi eruku kún inú ihò. Bí omi bá kan igi tí a fi sánpépà pa, fọ́nrán a dìde, ojú igi a sì le gbáà bí irùngbọ̀n ọjọ́ mẹ́ta. Igi tí a fi ọ̀bẹ dán kì í tètè ṣe bẹ́ẹ̀. Ní àkókò tí kò sí fáníṣì, iṣẹ́ ìdíhò igi ni ọ̀bẹ ń ṣe.

Sánpépà ilẹ̀ Yorùbá náà wà, èyí tí a já lórí igi. Ewé ìpín, tí àwọn mìíràn ń pè ní eépín, le lójú nítorí èròjà bíi yanrìn tí ó wà nínú rẹ̀. A fi ń pa igbá, a fi ń fọ ọpọ́n, gbẹ́nàgbẹ́nà sì ń fi pa ibi tí ọ̀bẹ kò bá ti lè wọ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ewé yìí dípò ọ̀bẹ nínú ìtàn. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo iṣẹ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ yóò rí ipa ọ̀bẹ, pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n tò tẹ̀ léra, lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ẹ̀yìn ère. Bí ewé ni ó ṣe àṣekágbá, gbogbo ipa wọ̀nyí ì bá ti parẹ́.

Igi fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ. Gbẹ́nàgbẹ́nà Yorùbá sábà máa ń gbẹ́ igi tútù, nítorí pé igi tútù rọ̀ lábẹ́ irin. Igi bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì nígbà tí omi inú rẹ̀ bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bí ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n igi gbígbẹ, sísúnkì yíká ìtì náà sì máa ń tó ìlọ́po méjì sísúnkì láti àárín sí eèpo. Ohun tí ń mú kí ère là láti ẹ̀yìn títí dé inú nìyẹn. Ẹni tí ó bá fi ìtẹ́lẹ̀ líle bíi ti Cennini sí orí irú igi bẹ́ẹ̀, ṣe ni ìtẹ́lẹ̀ náà yóò fọ́ wẹ́lẹwẹ̀lẹ kí ọdún tó yípo. Ojú tí kò ní ìtẹ́lẹ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, tí a sì lè tún kùn, ni ó bá irú igi yìí mu. Kì í ṣe àìmọ̀ ni ó fa àìsí ìtẹ́lẹ̀.

Ìrókò tún ní ti ara rẹ̀. Òkúta a máa wà nínú rẹ̀ nígbà mìíràn, èyí tí ń ba ẹnu irin jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni oje inú igi náà ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí ọ̀dà olóròóró tètè gbẹ. Àwọn káfíńtà òde òní mọ èyí nípa ìṣe: wọn a fi tínà nu ìrókò kí wọ́n tó fi ohunkóhun kùn ún, tàbí kí wọ́n kọ́kọ́ fi sanding sealer dí i. Ní ti igi ìrè, tí a fi ń gbẹ́ ère ìbejì ní ọ̀pọ̀ ibi, igi olóje funfun ni. Òun ni igi tí àwọn ará Èkó àti àgbègbè rẹ̀ dà lé lórí ní ọdún 1895, nígbà tí òwò rọ́bà gbóná, tí wọ́n ń kọ ọ́ lára gba oje títí ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ fi kú. Ojú rẹ̀ funfun, fọ́nrán rẹ̀ sì kúnná. Ó gba dídán ju ìrókò lọ.

Àwọ̀ mẹ́ta ni ìpìlẹ̀: funfun, pupa, dúdú. Ẹfun ni funfun. Osùn ni pupa. Dúdú, tí ó gba búlúù mọ́ra nínú èdè Yorùbá, ń ti ara èédú àti ara aró jáde. Ohun tí kò yé ọ̀pọ̀ òǹkàwé ni pé kò sí èyí tí ó ń wọ inú igi lọ nínú wọn bí aró ti ń wọ inú òwú. Ẹfun jẹ́ ilẹ̀ lílọ̀. Omi lásán ni ó ń gbé e dé ojú igi, bí omi bá sì gbẹ, ìyẹ̀fun ni ó kù. Pupa osùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò nínú omi rárá, ìdí nìyí tí a fi ń lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí yóò fi di ẹ̀rọ̀. Aró tí ó bá ti kúrò nínú ìkòkò, tí afẹ́fẹ́ sì ti bà á, ti di hóró tí kò yòrò mọ́. Orí igi ni gbogbo wọn ń jókòó sí. Ohun tí ó lè so wọ́n mọ́ ibẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú méjì: fínfín, tí a ti mẹ́nu bà, tàbí epo.

Epo ni ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù lọ. Nínú iṣẹ́ ọ̀dà ti Yúróòpù, òróró linseed ni ó ń di ọ̀dà mú, nítorí pé bí afẹ́fẹ́ bá kan án, ó ń le di awọ. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ń fi ìwọ̀n áyódìn tí òróró lè gbà sínú mọ agbára yìí: ti linseed wà láàárín nǹkan bí 170 sí 200, ti epo pupa kò ju nǹkan bí 50 lọ. Epo pupa kì í gbẹ. Òrí kì í gbẹ. Bí ẹnikẹ́ni bá fi epo pupa po osùn, tí ó sì fi pa ère, kò kun ún ní ìtumọ̀ tí oníṣẹ́ ọ̀dà fún ọ̀rọ̀ náà. Ó fi pa á lára ni, gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi osùn pa ara ìyàwó àti ọmọ tuntun.   

Lára ère ìbejì ni ìyàtọ̀ náà ti hàn kedere jù. Ìyá ìbejì tí ó kú ń wẹ ère, ó ń fún un ní oúnjẹ, ó ń fi osùn àti epo pa á, ó ń fi aró kun irun rẹ̀. Ojú a máa fọ̀ títí imú àti ẹnu yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Níhìn-ín, ìpalẹ̀mọ́ ojú igi kò ṣáájú àwọ̀. Ó ń bá a lọ pẹ̀lú àwọ̀ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, epo ń wọ inú igi díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ ń dán an, títí igi fi kún fún epo tó bẹ́ẹ̀ tí omi kò fi lè wọ̀ ọ́ mọ́. Gbẹ́nàgbẹ́nà bẹ̀rẹ̀ dídán, ìyá ni ó parí rẹ̀. Àwọn ìwé tí ń pín iṣẹ́ ọnà sí ti olùgbẹ́ àti ti olùlò kì í fún ìyá yìí ní ipò kankan.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ àti Ẹpa gba ọ̀nà mìíràn. Ojúde ni ère wọn ń lọ, lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn, nínú oòrùn. Ìfarahàn ni a ń béèrè lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe dídán ìkọ̀kọ̀. Ṣáájú ọdún, a máa ń tún wọn kùn, àwọ̀ tuntun lórí àwọ̀ àná, tó bẹ́ẹ̀ tí ìpele àwọ̀ fi ń ga lórí ère tí ó ti pẹ́. Àwọ̀ àná ni ìtẹ́lẹ̀ àwọ̀ òní. Bí a bá fẹ́ wá ohun tí ó dúró fún ìtẹ́lẹ̀ Cennini nínú iṣẹ́ igi Yorùbá, nínú ọdún tí ń yípo ni ó wà. Orí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kan lè ní ẹfun àti osùn ní ìsàlẹ̀, búlúù ìfọṣọ lórí ìyẹn, àti ọ̀dà inú agolo lókè pátápátá, ìtàn òwò odidi ọgọ́rùn-ún ọdún kan ní ìwọ̀n sísanra èékánná.

Búlúù ìfọṣọ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Ní ọdún 1824, ẹgbẹ́ kan ní ilẹ̀ Faransé kéde ẹ̀bùn 6,000 fránkì fún ẹni tí ó bá lè fi ọwọ́ ṣe búlúù tí a ń wà jáde látinú òkúta olówó iyebíye; Jean-Baptiste Guimet ni ó gba ẹ̀bùn náà ní 1828. Láti ìgbà náà ni búlúù ti di ọjà pọ́ńkú. Ilé-iṣẹ́ Reckitt ti ìlú Hull ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ di hóró kékeré fún fífọ aṣọ funfun, ó sì bá ọkọ̀ òkun dé Èkó. Kò pẹ́ tí ó fi gba ipò aró lórí irun ère ìbejì. Àwọn kan ka èyí sí ìbàjẹ́ àṣà. Ṣùgbọ́n ní ti ìṣe, kò yí ohunkóhun padà: ó jẹ́ hóró tí kò yòrò gẹ́gẹ́ bí aró, omi ni a fi ń pò ó gẹ́gẹ́ bí ẹfun, ojú fínfín ni ó sì ń gbá a mú.

Ọ̀dà olóròóró ni ó yí nǹkan padà. Àwọn káfíńtà Àgùdà, àwọn tí wọ́n ti Bahia padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wà lára àwọn tí ó mú àṣà mìíràn wá. Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894, tí João Baptista da Costa kọ́, jẹ́ ẹ̀rí irú ọwọ́ tí wọ́n ní. Nínú ìlànà iṣẹ́ ọ̀dà ti ìgbà náà, ní Brazil àti ní Yúróòpù, a ní láti fi ṣẹ́láákì dí ojú kókó igi kí oje má bàa yọ, kí a fi òjé lílọ̀ tí a pò mọ́ linseed kùn ún ní àkọ́kùn, kí a fi púùtì dí ihò ìṣó, kí a tó wá kùn ún ní àkùnparí. Láti ọ̀dọ̀ àwọn àti láti ilé-iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì àti ti ìjọba ni ìmọ̀ yìí ti tàn dé ọ̀dọ̀ káfíńtà ilẹ̀kùn àti fèrèsé. Agolo ọ̀dà náà tàn kálẹ̀ ju ìmọ̀ náà lọ. Ọ̀dà dé ọjà Kétu àti Ìlaròó; àkọ́kùn kò bá a dé.

Àbájáde rẹ̀ ṣeé rí lára ère. Ọ̀dà olóròóró tí a kùn sórí igi tí epo pupa ti wọ̀ kò rí ibi dì mú. Epo tí kì í gbẹ wà láàárín òun àti igi, ó ń bó ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Èyí tí a kùn sórí ẹfun ń bó pẹ̀lú ẹfun náà. Níbi tí ó bá sì ti dì mú, ó ki ju ohun tí fínfín lè gbà lọ: ilà á kún, ojú á wú, ìpéǹpéjú tí ọ̀bẹ fi wákàtí kan ṣe á di òkìtì kékeré. Kì í ṣe pé àwọn oníṣẹ́ kò rí i. Ní ọ̀pọ̀ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ọ̀rúndún ogún, fínfín dínkù, àwọ̀ ni ó ń ya ilà tí ọ̀bẹ ń fín tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwòye ti pe èyí ní ọwọ́ tí ó rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ọgbọ́n: ẹni tí ó mọ̀ pé ọ̀dà yóò dí fínfín kò ní fi ọjọ́ rẹ̀ ṣòfò lórí rẹ̀.

Ní òdìkejì òkun, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà ba ojú igi jẹ́. Àwọn oníṣòwò àti olùkójọ ère ní Yúróòpù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún fẹ́ràn igi dúdú tí ń dán. Àwọ̀ títàn dà bí ohun tuntun lójú wọn, tuntun sì túmọ̀ sí ayédèrú. Wọ́n fọ̀ ọ́ dànù, wọ́n fi ìda oyin pa igi. Ère tí ó jáde nílé pẹ̀lú pupa, funfun àti búlúù di aláwọ̀ ilẹ̀ nínú àpótí gíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá wò ó lẹ́yìn náà sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Yorùbá fẹ́ràn igi tí a kò kùn.

Ìtọ́wò yìí padà wá sílé. Nígbà tí Carroll àti Sean O'Mahony dá ilé-iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ní 1947, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tí ó wá síbẹ̀ jẹ́ ọmọ àṣà tí ń kun igi. Bámidélé, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bándélé, jẹ́ ọmọ Àrẹogún ti Òsì. Lamidi Fakeye, ọmọ ìdílé gbẹ́nàgbẹ́nà Ìlá Ọ̀ràngún, kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ náà parí ní 1954, ṣùgbọ́n àwọn ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, ti yunifásítì àti ti ilé ìjọba tí Fakeye gbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ló wá di àwòrán iṣẹ́ igi Yorùbá lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọ̀ igi fúnra rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń gbé jáde. Iṣẹ́ ọwọ́ àgbà ni wọ́n, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Àríyànjiyàn wà níbi tí a bá ti fi wọ́n ṣe ẹ̀rí pé bẹ́ẹ̀ ni ó ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ní ti ọpọ́n Ifá, òótọ́ ni pé ọwọ́ babaláwo àti ìyẹ̀rosùn ni ó ń ṣe ojú rẹ̀, kì í ṣe àwọ̀. Ní ti ìlẹ̀kùn àti òpó ààfin, Ìkẹ́rẹ́ ń jẹ́rìí sí òdìkejì.

Nínú àkọsílẹ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ọ̀rọ̀ méjì, «igi, àwọ̀», ni a sábà máa ń rí. Kò sọ bóyá àwọ̀ náà jókòó lórí ojú tí a dán tàbí sínú fínfín, bóyá epo wà lábẹ́ rẹ̀, bóyá ìpele kan ni tàbí mẹ́wàá. Gbogbo èyí ṣeé rí pẹ̀lú gíláàsì amúǹkantóbi àti sùúrù, láìgé ohunkóhun kúrò lára ère. Ó sì ń béèrè ìpinnu lọ́wọ́ ẹni tí ó fẹ́ tọ́jú ère náà, nítorí pé òwú tí a rẹ sínú omi, èyí tí kò lè ṣe ọ̀dà olóròóró ní nǹkan kan, yóò gbé ẹfun àti búlúù ìfọṣọ lọ ní ìnùlẹ̀ kan ṣoṣo. Tínà tí kò sì lè ṣe ẹfun ní nǹkan kan yóò yọ epo ogójì ọdún tí ìyá kan fi pa ọmọ rẹ̀.